Àgbàrá Òjò Ò Lóun Ò Nílé Wó: Bí A Ṣe Ń Múra fún Omi Sípíríǹgì àti Ààrá ní Prairie

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Winnipeg, ní Brandon, ní Regina, Saskatoon, Calgary, Edmonton àti gbogbo ìlú kéékèèké tó wà láàárín wọn, ní ilẹ̀ Prairie ti Kánádà, mo kí yín o. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí bíi kí n kọ èyí, torí ọdọọdún ni mò ń rí àwọn èèyàn wa, àgàgà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n á gba béésìmẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé, torí owó ẹ̀ rọjú díẹ̀, wọ́n á to gbogbo ẹrù tí wọ́n fi báágì méjì-méjì kó wá sórí kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ fún wọn pé omi máa ń wọbẹ̀.

Èmi náà gbé béésìmẹ́ǹtì rí. Lọ́dún kejì tí mo dé Winnipeg, gbogbo Épírì la fi ń gbọ́ lórí rédíò pé odò Red River ń kún, a ń ṣọ́ ọ, kò dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì fà padà, ni ọkàn wa bá balẹ̀. Àfi ìgbà tó di alẹ́ ọjọ́ kan nínú Júnù, òjò dé tòun ti ààrá, kò lò ju bí ogójì ìṣẹ́jú lọ, mo ṣá ń gbọ́ kiní kan tó ń dún gúlú-gúlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo tan iná. Ihò kékeré tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí omi máa ń gbà jáde, òun lomi ń gbà wọlé báyìí, omi dúdú tó ń rùn, ó ń ru sókè bí ìgbà tí ìkòkò bá ń hó, kí n sì tó gbé ọmọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, bàtà ẹ̀ ẹsẹ̀ kan ti léfòó lọ sábẹ́ tábìlì. Páálí tá a kó ìwé-ẹ̀rí wa sí, ilẹ̀ ló wà. Sàtífíkéètì kan ṣì wà lọ́wọ́ mi títí dòní tí etí ẹ̀ pọ́n bí omi tíì. Odò kọ́ ló ṣe wá bẹ́ẹ̀ o, òjò ogójì ìṣẹ́jú ni.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé omi méjì ló wà ní Prairie, wọn ò sì jọra rárá. Omi sínóò tó ń yọ́ ní sípíríǹgì máa ń ránṣẹ́ ṣíwájú kó tó dé, nígbà míì á ti fi oṣù méjì gbáko sọ fún yín pé òun ń bọ̀. Omi ààrá ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìránṣẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fún yín. Ti àkọ́kọ́, kàlẹ́ńdà lẹ máa fi múra ẹ̀. Ti ìkejì, ohun tẹ́ ẹ bá ti ṣe sílẹ̀ kí ojú ọjọ́ tó ṣú lẹ máa bá níbẹ̀, kò sí àyè àfikún.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń gbé

Àfonífojì Red River yìí, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan ni láéláé, Lake Agassiz ni wọ́n ń pè é, omi yìnyín àtijọ́ tó yọ́ ló dá a sílẹ̀, nígbà tó sì fà tán ó fi ilẹ̀ pẹrẹsẹ bí ojú tábìlì sílẹ̀, pẹ̀lú amọ̀ dúdú tí àwọn ará ibí ń pè ní gumbo. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ rí lẹ́yìn òjò mọ ohun tí mò ń sọ, á lẹ̀ mọ́ bàtà, á tún lẹ̀ mọ́ èyí tó ti lẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí ẹsẹ̀ á fi wúwo bí ẹni gbé òkúta. Amọ̀ yẹn kì í mu omi bọ̀rọ̀. Ẹ tún wá fi kún un pé nígbà tí sínóò bá ń yọ́ lókè, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ṣì dì gbagidi bíi kọnkéré, omi ò ríbi wọ̀, ó di dandan kó máa rìn lórí ilẹ̀, orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ò sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ṣe ló máa tàn ká.

Odò náà wá tún ní ìwà tiẹ̀, àríwá ló ń ṣàn lọ. Ó ti Amẹ́ríkà wá, láàárín North Dakota àti Minnesota, ó gba Fargo àti Grand Forks, ó kọjá ààlà ní Emerson, ó dé Morris, Winnipeg, Selkirk, ó wá já sí Lake Winnipeg. Gúúsù ló kọ́kọ́ ń móoru, omi tibẹ̀ á gbéra, á máa bọ̀ wá bá yìnyín tí ò tíì yọ́ níwájú, yìnyín á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á tò jọ, á dí ọ̀nà, omi á sì yà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láàárín wákàtí díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Amphibex sórí odò lápá àríwá Winnipeg kí wíńtà tó parí, kó lọ máa fọ́ yìnyín sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lọ́nà Selkirk, tí yìnyín bá dí odò, ẹ má fi ti Winnipeg ṣe òdiwọ̀n, tiyín lè yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àǹfààní tó wà nínú pé gúúsù lomi ti ń bọ̀ ni pé èèyàn ń rí i láti òkèèrè. Ní 1997, Épírì ni omi wọ Grand Forks tí wọ́n kó ará ìlú jáde, Winnipeg ò sì rí góńgó omi tiẹ̀ àfi ìgbà tí Mée wọlé, bí ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn, àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n ń sáré gbé ògiri iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Z-dike sókè tí wọ́n fà á gùn ju 40 km lọ, kí omi má bàa gba ẹ̀yìn ìlú wọlé láti ìwọ̀-oòrùn. Omi bo oko débi pé Òkun Pupa ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó kúrò nílé ní Manitoba lọ́dún yẹn tó bí 28,000. Ti 1950 sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìlú Winnipeg fúnra ẹ̀, bí 100,000 èèyàn ló sá kúrò, òun ló fà á tí Duff Roblin, tó di olórí ìjọba Manitoba lẹ́yìn náà, fi ní kí wọ́n gbẹ́ odò àtọwọ́dá tó yí ìlú ká, Red River Floodway. 1962 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, 1968 ni wọ́n parí ẹ̀, 63 mílíọ̀nù dọ́là ló ná wọn, bí 47 km ló gùn, àwọn èèyàn sì bú u gan-an pé owó ló ń fi ṣòfò, kòtò Duff ni wọ́n sọ ọ́. Lẹ́yìn 1997 wọ́n tún mú un fẹ̀ sí i.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti gbé géètì Floodway sókè, àyà yín ò gbọ́dọ̀ já, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ fún ló ń ṣe. Géètì yẹn wà nísàlẹ̀ odò lẹ́bàá St. Norbert, tó bá ti gòkè á ti omi sínú odò àtọwọ́dá, omi á yí ìlà-oòrùn ìlú ká, á padà wọnú odò lẹ́bàá Lockport. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa, odò ni Floodway ń dá dúró, kò lè dá òjò tó bá rọ̀ sójú pópó yín dúró. Béésìmẹ́ǹtì tèmi wà láàárín ìlú, Floodway wà níbẹ̀, omi ṣì wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń ka àsọtẹ́lẹ̀ omi

Ní Manitoba, Hydrologic Forecast Centre ló máa ń gbé e jáde, àkọ́kọ́ máa ń jáde ní Fẹ́búárì, wọ́n á tún gbé òmíràn jáde ní Máàṣì. Ní Saskatchewan, Water Security Agency ni. Ní Alberta, River Forecast Centre tiwọn ni. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀, ìwé náà kì í sì í gùn, ẹ kà á fúnra yín, ẹ má dúró de ohun tí ẹnì kan gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì tó wá fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp.

Kí lẹ máa wò níbẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ ṣe rí kí ó tó dì ní Nòfẹ́ńbà. Tí òjò bá pọ̀ ní ìgbà tí ewé ń já, ilẹ̀ ti yó kó tó sùn, tó bá jí ní Máàṣì kò ní lè mu nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni sínóò, kì í sì í ṣe gíga ẹ̀ o, omi tó wà nínú ẹ̀ ni. Sínóò tó fúyẹ́ bí òwú lè ga dé orókún kó má sì ní omi púpọ̀, èyí tó ti rọ̀ wọ̀, tó wúwo débi pé ṣọ́bìrì ò fẹ́ gbé e, omi inú ẹ̀ lè jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Iye omi inú sínóò yẹn ni àwọn onímọ̀ máa ń wọ̀n. Ẹ wá wo bí yóò ṣe yọ́. Èyí tá à ń gbàdúrà fún ni kí ọ̀sán máa yọ́ díẹ̀, kí alẹ́ máa dì padà, kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, omi á máa lọ ní díẹ̀díẹ̀. Tí òtútù bá wà pẹ́ títí wọ Épírì, tí ooru wá dé lójijì tọ̀sán tòru, gbogbo ẹ̀ máa gbéra lẹ́ẹ̀kan náà ni. Èyí tó kẹ́yìn tí ò sì sẹ́ni tó lè fi oṣù méjì mọ̀ ọ́n ni òjò tó máa rọ̀ lé sínóò lórí.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń ba gbogbo ìṣirò jẹ́. Ìjì kan wà tó máa ń ti apá Colorado gòkè wá ní Épírì, ó máa ń kó omi rẹpẹtẹ dání láti ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà, ó lè rọ̀ ní sínóò, ó lè rọ̀ ní òjò. Ní 2022 ńṣe ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn wá ní Épírì wọ Mée, àfonífojì Red River kún, Peguis First Nation, ìlú àwọn ọmọ onílẹ̀ kan lápá àríwá, sì rí i débi tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi kúrò nílé, tí àwọn míì ò sì tètè rí ilé wọn padà sí. Torí ẹ̀ ni àsọtẹ́lẹ̀ fi máa ń ní ojú mẹ́ta, tí ojú ọjọ́ bá dáa, tó bá rí bó ṣe máa ń rí, àti tí ojú ọjọ́ bá burú. Ìròyìn sábà máa ń sọ èyí tó wà láàárín. Èyí tó burú ni kẹ́ ẹ fi múra. Tí kò bá ṣẹlẹ̀, kí lẹ pàdánù, àárọ̀ Sátidé kan péré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Winnipeg, ẹ máa gbọ́ iye ẹsẹ̀ bàtà tí odò ga ní James Avenue, ibi tí wọ́n ti ń wọn odò láàárín ìlú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń wà ní bí 6.5. Ní 1997 ó dé 24.5, ní 1950 ó dé 30.3. Tẹ́ ẹ bá ti ní nọ́ńbà mẹ́ta yìí lórí, kò sẹ́ni tó máa fi ìròyìn dẹ́rù bà yín láìnídìí, kò sì sẹ́ni tó máa fi yín lọ́kàn balẹ̀ láìnídìí.

Alberta yàtọ̀ díẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin ará Calgary rò pé tí Épírì bá ti kọjá, ó parí. Sínóò orí òkè Rockies ló ń bọ́ odò tiyín, òun kì í sì í yọ́ títí di Mée àti Júnù, ìgbà yẹn gan-an ni òjò ńlá máa ń rọ̀ lé e. Júnù 2013 ni odò Bow àti odò Elbow kún tí bí 75,000 èèyàn fi kúrò nílé ní Calgary, omi wọ Saddledome, gbọ̀ngàn eré ìdárayá ńlá ibẹ̀, ìlú High River sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán. Odò orí òkè kì í fúnni ní ọ̀sẹ̀ méjì bíi Red River, wákàtí ló máa ń fúnni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ilé níbẹ̀, ẹ lọ wo máàpù ìkún-omi kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Béésìmẹ́ǹtì

Ibí ni mo máa dúró sí jù torí ibẹ̀ ni èèyàn wa pọ̀ sí.

Ìta ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìparí Fẹ́búárì, ẹ kó sínóò tó rọ̀gbà yí ògiri ilé ká sẹ́yìn, ó kéré tán mítà kan sí méjì, torí bó bá yọ́ síbẹ̀, ìsàlẹ̀ ògiri ló ń lọ. Fèrèsé béésìmẹ́ǹtì tó bá ní kòtò níwájú, ẹ kó sínóò àti ewé inú ẹ̀ kúrò, ẹ fi ìdérí bò ó. Páìpù tó ń gbé omi òrùlé sọ̀kalẹ̀, ẹ wo ẹnu ẹ̀: ṣé ó ń dà á síbi jíjìn ni àbí ẹsẹ̀ ògiri ló ń tú u sí? Ó yẹ kó gbé e jìnnà tó mítà méjì. Mo ti rí ilé tí páìpù yẹn já sílẹ̀ látìgbà wíńtà tí ẹnikẹ́ni ò sì kíyè sí i, páìpù tí ò tó nǹkan kan, omi òrùlé odindi wá ń wọ kọ̀nà ilé kan ṣoṣo. Ẹ tún jáde lọ wo ojú títì, ihò tí àgbàrá ń gbà lọ lè wà lábẹ́ yìnyín níwájú ilé yín, ẹ fi ṣọ́bìrì wá a, ẹ là á.

Nínú ilé, ẹ wá kòtò kékeré tó ní ìdérí, ó sábà máa ń wà ní kọ̀nà, nítòsí ẹ̀rọ amúléóru. Sump pump ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi abẹ́ ilé jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbé ilé ọdún mẹ́ta láì ṣí i rí. Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé: ẹ bu omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ rọra dà á sínú kòtò náà, bọ́ọ̀lù kékeré kan á léfòó, ẹ̀rọ á dún, omi á lọ, á sì dákẹ́ fúnra ẹ̀. Tó bá dún tí omi ò lọ, ẹ jáde lọ wo ẹnu páìpù ẹ̀ níta, bóyá yìnyín ló dí i. Tí kò bá dún rárá, ẹ wò bóyá ẹnì kan ló yọ ọ́ kúrò níná láti fi ṣaájì fóònù, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ti ṣẹlẹ̀ nílé ẹni tí mo mọ̀. Ẹ sì rántí pé ìgbà tí ààrá bá ń sán gan-an niná máa ń lọ, nítorí náà sump pump tí ò ní bátìrì àfẹ̀yìntì, ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe.

Kiní kejì ni fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi ìdọ̀tí ìlú padà wá, backwater valve lorúkọ ẹ̀. Ohun tí ilé tí mo gbé ò ní nìyẹn. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ Winnipeg, omi òjò àti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, páìpù kan náà ni wọ́n jọ ń gbà, tí ọ̀wààrà òjò bá dé, páìpù á kún, omi á wá ibi tó kéré jù lọ tó lè yọ sí, ibẹ̀ ni ihò béésìmẹ́ǹtì yín. Ẹ bi láńlọ́ọ̀dù yín tààràtà: ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé yìí ní backwater valve, ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn? Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àfojúdi. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni ilé, ẹ pe 311, nọ́ńbà ìjọba ìlú, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá ètò ìrànwọ́ owó wà fún un. Ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ: tí fáàfù yẹn bá ti ti ara ẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀, omi tiyín náà ò ríbi gbà jáde mọ́. Tẹ́ ẹ bá wẹ̀, tẹ́ ẹ fọ ṣọ, tẹ́ ẹ ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, orí ilẹ̀ yín ló máa padà sí. Ẹ jẹ́ kí òjò dá ná.

Ẹrù: ẹ má gbé páálí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní béésìmẹ́ǹtì láéláé. Ẹ ra àpótí róbà onídèérí, ẹ gbé e lé sẹ́ẹ̀fù. Páásìpọ́ọ̀tù, ìwé ìgbélùú, sàtífíkéètì, ìwé ìbí ọmọ, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, ẹ gbé e sókè pátápátá, ẹ sì yà wọ́n ní fọ́tò, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹ̀yin nìkan lè ṣí. Wáyà iná ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n tó wà nílẹ̀, ẹ gbé e sókè.

Ìnṣọ́ránsì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á

Ìnṣọ́ránsì láńlọ́ọ̀dù, ilé tiẹ̀ ló wà fún, kò kan bẹ́ẹ̀dì yín. Ẹni tó bá háyà ilé gbọ́dọ̀ ra tiẹ̀. Ẹ tún wá mọ̀ pé èyí tí wọ́n máa tà fún yín wọ́ọ́rọ́wọ́ lè má ní omi nínú. Omi tó gba ihò ìdọ̀tí padà wọlé, àfikún ọ̀tọ̀ ni. Omi tó rìn lórí ilẹ̀ wọlé, láti odò tàbí láti òjò, àfikún ọ̀tọ̀ nìyẹn náà, 2015 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún onílé ní Kánádà. Ẹ bèèrè méjèèjì ní orúkọ ẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, kẹ́ ẹ wo iye tí wọ́n lè san jù. Owó ìrànwọ́ àjálù tí ìjọba máa ń san kì í kan ohun tí èèyàn lè ra ìnṣọ́ránsì fún, torí náà ẹ má gbójú lé e. Ẹ má sì dúró di ìgbà tí odò ti ń kún kẹ́ ẹ tó pè wọ́n.

Ìgbà tí ààrá bá dé

Láti ìparí Mée títí di Ọ́gọ́ọ̀sì, ọ̀sán gangan lè mọ́ rekete, kó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ máa wo ìkùukùu funfun kan tó ga sókè bí olú lápá ìwọ̀-oòrùn, orí ẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ilẹ̀ ibí ṣí gbayawu, ẹ lè rí i láti ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ìyẹn ni ìránṣẹ́ kan ṣoṣo tí ààrá ní.

Ẹ gbé WeatherCAN sórí fóònù, áàpù Environment Canada ni. Ọ̀rọ̀ méjì ni kẹ́ ẹ má ṣe pa pọ̀. Watch túmọ̀ sí pé ohun tó ń dá ìjì sílẹ̀ ti pé, ẹ máa ṣọ́ ojú ọ̀run, ẹ kó ọmọ wálé, ẹ gbé mọ́tò sábẹ́ ilé. Warning túmọ̀ sí pé ó ti dé tàbí ó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ṣíṣọ́. Láti ìparí 2025 wọ́n tún ti ń fi àwọ̀ kún un, yẹ́lò, ọ́réǹjì, pupa, pupa ló burú jù. Tí afẹ́fẹ́ bá máa tó 90 km láàárín wákàtí kan, tàbí kí òjò yìnyín fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì, tàbí kí òjò rọ̀ tó 50 mm ní wákàtí kan, wọ́n á kìlọ̀. Ẹ má rò pé òjò yìnyín ò tó nǹkan, èyí tó rọ̀ ní Calgary ní 13 Júnù 2020, ohun tó bà jẹ́ lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là.

Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ààrá, mànàmáná ti lè dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ wọlé tàbí kẹ́ ẹ wọ mọ́tò tó ní òrùlé, kẹ́ ẹ ti fèrèsé. Ẹ má sá sábẹ́ igi, ilẹ̀ Prairie ò ní igi púpọ̀, ọ̀kan tó bá dá dúró yẹn ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìdíje sílẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ààrá tó dún kẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó padà sórí pápá.

Ààjà ńlá tí wọ́n ń pè ní tọ̀nédò náà wà níbí o. Èyí tó jà ní Elie, nítòsí Winnipeg, ní 22 Júnù 2007, F5 ni, ìwọ̀n tó ga jù lọ, òun nìkan ló tíì dé ìwọ̀n yẹn ní Kánádà. Ti Edmonton ní 31 Júláì 1987 pa èèyàn 27. Tí fóònù bá ké tọ̀nédò, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí béésìmẹ́ǹtì, ẹ jìnnà sí fèrèsé, ẹ wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, tí kò bá sí béésìmẹ́ǹtì, bálùwẹ̀ tàbí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà láàárín ilé nísàlẹ̀. Ilé onítáyà ò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, ẹ jáde kúrò nínú ẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti ń bú béésìmẹ́ǹtì bọ̀ láti òkè, àmọ́ ẹ kọ́ àwọn ọmọ dáadáa kí wọ́n má ṣì í mú: tọ̀nédò, ẹ sọ̀kalẹ̀; omi, ẹ gòkè.

Ojú ọ̀nà

Highway 75 tó lọ sí Amẹ́ríkà ti tì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí omi nítòsí Morris. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ wo 511, ìròyìn ojú ọ̀nà tí ìjọba ń gbé jáde. Tẹ́ ẹ bá bá omi lójú ọ̀nà, ẹ yí padà, kódà kí mọ́tò kan ti kọjá níwájú yín. Omi tó jìn bí 30 sẹ̀ǹtímítà lè gbé mọ́tò kékeré léfòó, 60 lè gbé jíìpù lọ, ẹ ò sì lè rí i bóyá ọ̀nà ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Prairie jìn gan-an, nígbà tí omi bá kún un dọ́gba pẹ̀lú títì, ọmọdé ò lè mọ ìyàtọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣeré níbẹ̀.

Tí omi bá ti wọlé

Ẹ má sáré tẹ omi yẹn. Tó bá ti dé ibi tí ẹ̀rọ tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, iná lè wà nínú omi náà, ẹ má fọwọ́ kan páńẹ́ẹ̀lì iná tí ẹsẹ̀ yín bá tutù, ẹ pe ilé iṣẹ́ iná kí wọ́n wá gé e. Ẹ yà gbogbo nǹkan ní fọ́tò àti fídíò kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun jáde, èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, mo kó gbogbo ẹ̀ jù síta lóru ọjọ́ yẹn, mi ò sì rí nǹkan kan fi hàn nígbà tí wọ́n bèèrè. Tó bá jẹ́ pé omi odò ló kún béésìmẹ́ǹtì dé ìdajì, ẹ má fà á tán lọ́jọ́ kan, torí omi ṣì wà nínú ilẹ̀ níta tó ń ti ògiri, tẹ́ ẹ bá gbọ́n inú gbẹ lójijì ògiri lè wó sínú. Ìdá mẹ́ta ẹ̀ kan lóòjọ́ tó. Ẹ̀yin ará oko tẹ́ ẹ ń mu omi kànga, tí àgbàrá bá ti bo ẹnu ẹ̀, ẹ má mu ún títí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wọ bàtà róbà àti gílọ́ọ̀fù, omi ìdọ̀tí ni. Kápẹ́ẹ̀tì àti mátírẹ́ẹ̀sì tó bá ti mu ún, ẹ jẹ́ kó lọ, ó dùn mí nígbà tèmi àmọ́ kì í mọ́ mọ́. Láàárín wákàtí 48 ni ewu olú dúdú, èyí tí wọ́n ń pè ní mold, máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ògiri, torí náà fáànù àti ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin ni kẹ́ ẹ wá kíákíá, kẹ́ ẹ gé ìsàlẹ̀ ògiri páálí (drywall) tó ti rin, pẹ̀lú ìmọ̀ láńlọ́ọ̀dù, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i kó wà lákọsílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ padà sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri náà nísàlẹ̀, ní kọ̀nà tí afẹ́fẹ́ fáànù ò dé. Tó bá ṣì tutù, kò tíì tó àkókò.